Bí ẹgbẹ́ ará ìlú ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ àyíká àti ẹ̀tọ́ oníbàárà dé Ilé Aṣòfin Kwara

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí òfin yí padà ní Kwara: ẹgbẹ́ onílé ní Tánkẹ̀, ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní Ìpàtà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní Òmù-Àrán, ní Òró tàbí ní Ọ̀fà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò dìgbà tí agbẹjọ́rò bá wà láàárín yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì dìgbà tí ẹ bá forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Àbújá. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti kóra jọ àti láti sọ èrò ọkàn wọn. Ohun tí ẹ nílò ni sùúrù, ìwé àkọsílẹ̀, àti ìpinnu pé ẹ ò ní béèrè ju ohun mẹ́ta lọ.

Mẹ́ta ni mo wí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì ti ń ṣìnà. Wọ́n á jókòó ìpàdé, wọ́n á to ohun ogún sílẹ̀: omi, iná, pàǹtí, ọ̀nà, ayédèrú oògùn, ariwo jẹnẹrétọ̀, owó epo. Wọ́n á kó o lọ bá ọnọ́rébù. Ọnọ́rébù á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n á ya fọ́tò, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Kì í ṣe pé aṣòfin náà burú. Ìwé tó béèrè ohun gbogbo kò sọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe fún un, kò sì yà sọ́tọ̀ èyí tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ àti èyí tí agbára rẹ̀ kò ká.

Ẹ kọ́kọ́ lọ gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ ń dùn

Ẹ má jókòó sí yàrá ìpàdé kí ẹ máa fi orí ara yín yan ohun tó ń ni ará ìlú lára. Ẹ pín ara yín ní méjì-méjì. Kí àwọn kan gba Ọjà Ọba àti Ìpàtà, kí àwọn kan gba Gànmọ̀, kí àwọn tó wà ní gúúsù lọ sí ọjà Owódé ní Ọ̀fà àti ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ kí ọjà tó gbóná, tàbí kí ẹ lọ nígbà tó bá ti ń rọlẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, kí ẹ kí wọn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Ọjà tí ẹ bá wọ̀ láì kí ìyálọ́jà, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn tinútinú.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n kò pọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Níbo, ìgbà wo? Ta lẹ fi tó létí, kí ni wọ́n sì sọ fún yín? Èló ló bá a lọ? Ẹ kọ èsì náà bó ṣe ti ẹnu wọn jáde, ní Yorùbá, ẹ má ṣe tún un ṣe. Obìnrin tó bá ní, "Àgbàrá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, gbogbo àpò gààrí tó wà nílẹ̀ ló rẹ," ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wúlò fún yín níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ju ìwé olójú mẹ́wàá tó sọ pé omíyalé ń da ará ìlú láàmú. Bí ẹ bá ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á sílẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá àwọn tí kì í wá sípàdé rí: aláàárù, ọmọdé tó ń pọnmi kó tó lọ sílé ìwé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ọmọlanke kó pàǹtí, ẹni tó ń sun èédú nínú igbó Ìfẹ́lódùn. Ẹ má fo ẹni ìkẹyìn yìí. Bí òfin igbó bá dé, orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ sí.

Ẹ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ kàn

Iṣẹ́ tó tóbi jù nìyí, ó sì yẹ kí ẹ fi àsìkò sí i. Òfin orílẹ̀-èdè 1999 pín agbára. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé Àbújá nìkan ló lè ṣòfin lé lórí. Àwọn kan wà tí Àbújá àti ìpínlẹ̀ jọ ní agbára lé lórí. Ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ méjèèjì, ti ìpínlẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, Àfikún Kẹrin nínú òfin náà to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo àwọn ẹ̀sùn tí ẹ máa gbọ́ jù.

Kóńgò tí wọ́n tẹ̀ nídìí kí ìrẹsì má baà kún un: gbogbo oníbàárà ló máa ń ráhùn nípa rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n wà lára ohun tó jẹ́ ti Àbújá nìkan. Ilé Aṣòfin Kwara kò lè ṣòfin kóńgò. Ẹ má torí ẹ̀ fi ẹ̀sùn náà sílẹ̀, ilẹ̀kùn mìíràn ni kí ẹ kàn. Kí ìyálọ́jà àti àwọn olórí ìsọ̀ fẹnu kò, kí wọ́n gbé kóńgò kan tó pé sí ọ́fíìsì ọjà, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lọ tún ọjà rẹ̀ wọ̀n níbẹ̀. Èyí kò gba òfin, kò sì gba owó púpọ̀. Mo rò pé ọjà tó bá ṣe é yóò jèrè rẹ̀, torí oníbàárà yóò máa sá wá síbẹ̀.

Ilé epo tí mítà rẹ̀ ń sáré ju epo lọ: NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé epo, tí òfin epo rọ̀bì ti 2021 dá sílẹ̀, ló ni iṣẹ́ yẹn, Àbújá ni. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ kiri fún góòlù àti àwọn àlùmọ́ọ́nì mìíràn: Àbújá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ wíwà á. Oògùn tó ti kọjá ọjọ́ àti omi inú ọ̀rá tí kò ní nọ́ńbà: NAFDAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn. Fún gbogbo èyí, ohun tí Ilé Aṣòfin Kwara lè ṣe kò ju kí wọ́n fẹnu kò lórí ìpinnu kan, kí wọ́n fi ké sí Àbújá. Ìpinnu yàtọ̀ sí òfin. Ìpinnu kò de ẹnikẹ́ni. Bí aṣòfin kan bá sọ fún yín pé Ilé ti "ṣe nǹkan sí i", ẹ rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ìpinnu ni tàbí òfin.

Ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná ti yí padà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kò sì tíì mọ̀. Ní oṣù kẹta 2023, wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe, ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí bí wọ́n ṣe ń pèsè iná àti bí wọ́n ṣe ń pín in dé gbogbo ibi tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Òfin iná tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún náà tún là á sílẹ̀ bí ìpínlẹ̀ ṣe lè gba àkóso náà. Ẹni tí wọ́n bá fún ní bíìlì tí wọ́n kàn fojú bù láì sí mítà, ẹ̀sùn rẹ̀ ti di ohun tí a lè bá ìpínlẹ̀ sọ. Àmọ́ ọ̀nà náà gùn, owó ńlá ló sì wà ńbẹ̀. Èmi kì í gba ẹgbẹ́ kékeré níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí agbára ìpínlẹ̀ ti dúró gírígírí nìyí. Igbó àti igi gígé jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ètò ìlú, pé ibi báyìí ni a lè kọ́lé sí, ibi báyìí kò ṣeé kọ́ sí, ti ìpínlẹ̀ ni. Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní 2003 nígbà tí Èkó àti ìjọba àpapọ̀ ń jà sí i. Pàǹtí kíkó, ọjà, ibùdókọ̀ àti ibi ìpẹran wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe ni ìjọba ìbílẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, fún ìdí èyí Ilé lè gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Kwara yóò jọ máa tẹ̀ lé. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ ti ọjà kan ṣoṣo tàbí ààtàn kan ṣoṣo, ẹ má wulẹ̀ lọ sí Ilé Aṣòfin rárá. Ọ̀dọ̀ alága káńsù àti kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ lọ.

Ẹ wádìí òfin tó ti wà nílẹ̀

Kí ẹ tó béèrè fún òfin tuntun, ẹ béèrè èyí tó wà. Ẹ kọ̀wé sí Akọ̀wé Ilé Aṣòfin àti sí ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Ìlọrin. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba dá ẹni tó béèrè ìwé lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń jiyàn pé òfin yẹn kò kàn wọ́n. Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fòpin sí iyàn náà ní oṣù kẹrin 2025: ó kan ìjọba àpapọ̀, ó kan ìpínlẹ̀, ó kan ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín, ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan fún yín pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa rí i pé òfin wà. Ohun tí kò sí ni owó láti fi ṣe é, tàbí ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Nígbà náà, ètò ìsúnná ló yẹ kí ẹ dojú kọ, ẹ má wulẹ̀ kọ àbádòfin, ìyẹn ìwé òfin tí Ilé kò tíì fọwọ́ sí. Ẹgbẹ́ tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà ọdún méjì.

Bí ẹ ṣe máa yan mẹ́ta

Ẹ gbé gbogbo ẹ̀sùn tí ẹ kó jọ síwájú, kí ẹ bi ara yín léèrè: èwo ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe jù? Èwo ni agbára Ilé Aṣòfin Kwara ká? Èwo ló lè parí kí ìdìbò 2027 tó da ilé rú? Ta ni kò ní fẹ́ ẹ, ṣé a ó sì lè bá a sọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò. Èyí tó bá já, ẹ má dà á nù, ẹ tọ́jú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Mo fẹ́ sọ mẹ́ta tí èmi fúnra mi yóò gbé lọ, kí ẹ lè rí bí wọ́n ṣe ń ro ó.

Èkíní ni gọ́tà àti ọ̀rá. Odò Asà gba àárín Ìlọrin kọjá, àwọn odò kéékèèké sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti àdúgbò gbogbo. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀rá omi àti ọ̀rá búrẹ́dì a dí ojú gọ́tà, omi a sì wá ọ̀nà gba inú ilé. Àwọn kan yóò ní kí ìjọba fòfin de ọ̀rá bí Èkó ti ṣe. Èkó fòfin de sítírọ̀fóòmù, ike funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, ní oṣù kìn-ín-ní 2024, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin ṣẹ lórí ife, síbí, strọ́ọ̀ àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025. Èmi kò ní fi ìfòfindè omi inú ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ ní Kwara. Àdúgbò tí ẹ̀rọ omi kò ti yọ, píọ̀ wọ́tà ni tálákà ń mu níbẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láì fún un ní òmíràn kò ṣàánú. Kí ẹni tó ṣe ọ̀rá jáde máa rà á padà, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a sì ṣòfin tó yọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan pàtó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé síbẹ̀, títí kan ẹni tó bá lówó àti ẹni tó bá lẹ́nu ní ìjọba.

Èkejì ni igbó gúúsù Kwara. Láti Ìfẹ́lódùn dé Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara, wọ́n ń gé igi láti sun èédú, èédú náà sì ń kún ọkọ̀ àjàgbé lọ sí ìlú ńlá. Igi líle bí ayín àti apá ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí èédú wọn kì í tètè kú. Bí ìyẹn bá tán, wọ́n á kàn sí igi òrí àti igi irú, tó jẹ́ pé àwọn ìyá àgbà ń fi èso rẹ̀ tọ́mọ. Igi tí wọ́n gé lónìí, ọmọ wa ni yóò rí òmíràn tó tóbi tó o, bí ẹnì kan bá gbìn ín. Òfin tí mo fẹ́ yóò ya igi òrí àti igi irú sọ́tọ̀ pátápátá, yóò ní kí ọkọ̀ tó kó èédú fi ìwé hàn ibi tó ti gbé e, yóò sì jẹ́ kí apá kan nínú owó ìwé àṣẹ padà sí ìlú tó ni igbó. Ìlú tí kò rí nǹkan kan gbà nínú igbó rẹ̀ kò ní ṣọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí oníbàárà lè fẹjọ́ sùn sí. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ púpọ̀: kí wọ́n fi iye ọjà hàn án kó tó sanwó, kí wọ́n fún un ní rìsíìtì, kó lè dá ọjà tí kò dára padà. Àjọ FCCPC ló ń mú un ṣẹ, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ra fíríìjì tí kò tutù ní Òmù-Àrán, níbo ni yóò lọ? Èkó ti dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀, LASCOPA, tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà nínú ìpínlẹ̀. Kwara lè ṣe èyí tó kéré: tábìlì kan, òṣìṣẹ́ kan tàbí méjì ní olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé àkọsílẹ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò, àti ọjọ́ tí ẹjọ́ gbọ́dọ̀ parí.

Ní ti pọ̀nmọ́ tí wọ́n fi táyà sun, ó dùn mí pé n kò fi sí mẹ́ta yìí. Èéfín táyà ń fi májèlé sára ẹran tí à ń jẹ, ẹni tó ń sun ún sì ń fa èéfín náà símú lójoojúmọ́. Àmọ́ ibi ìpẹran jẹ́ ti káńsù, ẹ̀rọ gáàsì díẹ̀ níbi ìpẹran lè tètè yanjú rẹ̀ ju òfin lọ. Kí ẹgbẹ́ tó bá wà nítòsí ibi ìpẹran gbé e lọ bá alága.

Ojú ìwé kan fún ohun kan

Ẹ má kọ ìwé gígùn. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, tó lè dá dúró bí wọ́n bá fà á yọ. Kí ó sọ ohun tí ẹ ń béèrè, ìdí rẹ̀, òfin tó wà, ẹni tí yóò mú un ṣẹ, ibi tí owó yóò ti wá. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

"À ń béèrè pé kí Ilé ṣòfin tí yóò mú kí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Kwara máa ra ọ̀rá òfìfo padà lọ́wọ́ ará ìlú ní iye tí ìjọba bá là kalẹ̀ lórí kílò kan. Ẹ̀rí ìràpadà yìí ni wọn yóò máa mú wá bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ wọn dọ̀tun lọ́dọọdún. Àjọ tó ń bójú tó àyíká, KWEPA, ni yóò máa yẹ ìwé wò. Ilé-iṣẹ́ tó bá kéré yóò ní ọdún kan láti múra. A fi ọ̀rọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí àgbàrá bà lọ́jà jẹ́ àti fọ́tò gọ́tà pẹ̀lú ọjọ́ wọn mọ́ ìwé yìí."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí "kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí i" níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn láti kọ, aṣòfin kò sì lè fi ṣe ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kan bá yín sọ ọ́ di àbádòfin. Òfin orílẹ̀-èdè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa fi ṣe ìjókòó Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀, àmọ́ ó gbà kí Ilé fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún un bí wọ́n bá fẹnu kò. Nítorí náà àbádòfin yóò wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má sọ ìwé Yorùbá nù. Òun ni ẹ máa kà sí ìyálọ́jà létí, òun ni ẹ máa kà lórí rédíò.

Ẹni tí òfin náà máa dùn

Kí ẹ tó dé Ilé Aṣòfin, ẹ lọ bá ẹni tí kò ní fẹ́ òfin yín. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà. Ẹ lọ bá ẹni tó ń sun èédú, ẹ bá a jókòó lábẹ́ igi rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn kí èéfín máa wọ òun lójú lójoojúmọ́; owó ilé ìwé ọmọ ló ń lé e lọ. Ẹ bi í pé, bí òfin bá fún un láyè láti gbin igi tirẹ̀ kó sì máa gé e bó ti ń dàgbà, ṣé yóò gbà? Bí ó bá ní ilẹ̀ kò sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìyẹn gan-an ni òfin yín gbọ́dọ̀ dáhùn. Ilé epo àti ilé-iṣẹ́ ńlá yóò rí agbẹjọ́rò rán wá. Ẹni tó ń sun èédú kò ní rí ẹni rán, ẹ̀yin ni yóò sọ tirẹ̀ pẹ̀lú tiyín.

Ẹ lọ sí ààfin pẹ̀lú. Ní Ìlọrin, ẹ gba ọ̀dọ̀ Mógàjí àdúgbò àti Balógun yín lọ sọ́dọ̀ Ẹ́míà. Ní gúúsù, ẹ fi tó ọba ìlú yín létí, ì báà jẹ́ Ọlọ́fà, Olómù tàbí Olúpo. Kì í ṣe kí wọ́n bá yín ṣe òfin. Bí ọnọ́rébù bá béèrè lọ́wọ́ Kábíyèsí pé ṣé wọ́n mọ̀ sí i, kí wọ́n lè ní àwọn mọ̀.

Lílọ bá aṣòfin

Aṣòfin 24 ló wà ní Ilé Aṣòfin Kwara. Ti ẹkùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, lẹ́yìn náà alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká tàbí ti ọrọ̀ ajé, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ gbé lọ́wọ́. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó: àgbà kan, ọ̀dọ́ kan, ọlọ́jà kan tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ẹni kan tí yóò máa kọ nǹkan sílẹ̀. Kí àgbà kí wọn, kí ọlọ́jà sọ tirẹ̀, kí ọ̀dọ́ gbé ìwé kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè ohun kan tó ní ọjọ́: "Ọnọ́rébù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa gbé e fún kíkà àkọ́kọ́ kí oṣù yìí tó parí?" Bí wọ́n bá ní àwọn yóò wò ó, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìgbà tí ẹ lè padà wá gbọ́ èsì.

Ẹ má gba owó ọkọ̀. Ẹ má gba àpò ìrẹsì. Wọn yóò nawọ́ rẹ̀ sí yín, wọn ò sì ní i lérò burúkú. Ṣùgbọ́n ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ẹ sì máa ní láti padà wá sọ òdodo níbẹ̀. Ẹ dúpẹ́, ẹ dá a padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ìrìn àbádòfin nínú Ilé rí báyìí: wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kíní, kí gbogbo Ilé mọ̀ pé ó ti dé. Ní kíkà kejì ni wọ́n á jiyàn lórí rẹ̀. Bí ó bá yè é, yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kékeré, níbi tí wọ́n ti lè pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Yóò padà wá fún kíkà kẹta, lẹ́yìn náà ni Abẹnugan yóò fi ránṣẹ́ sí gómìnà. Gómìnà ní ọjọ́ 30. Bí kò bá buwọ́ lù ú, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé, ìyẹn aṣòfin 16, bá tún fọwọ́ sí i, ó di òfin láì sí ìbúwọ́lù. Ẹ máa bi ara yín nígbà gbogbo pé ibo ni tiyín wà. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kékeré ni ọ̀pọ̀ àbádòfin ti ń sùn. Ẹ máa lọ síbẹ̀ lóòrèkóòrè.

Ọjọ́ tí wọ́n bá pe ará ìlú, ẹ mú ìwé yín lọ ní ẹ̀dà tó pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ kí ẹ tó jókòó. Bí wọ́n bá fún yín láyè díẹ̀ láti sọ̀rọ̀, ẹ má ka ìwé náà. Ẹ fún ọlọ́jà yín láyè. Kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọ̀kan nínú yín túmọ̀.

Owó, rédíò, àti lẹ́yìn ìbúwọ́lù

Òfin tí kò ní owó nínú ètò ìsúnná kò lè rìn. Gómìnà gbọ́dọ̀ gbé ètò ìsúnná síwájú Ilé kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba sì ti ń to tiwọn jọ ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ má dúró de oṣù kejìlá. Láàárín ọdún ni kí ẹ ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí yóò mú òfin yín ṣẹ, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n fẹ́ fi sí i.

Ẹ lo rédíò. Radio Kwara, Sobi FM ní Ìlọrin àti Harmony FM ní Ìdọ̀fìàn ní ètò tí ará ìlú fi ń pè wọlé. Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo ní ìgbà kan, kí ẹ dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bí aṣòfin kan bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ kí ará ìlú gbọ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ burúkú nípa ẹni tí kò tíì ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ṣì lè nílò ìbò rẹ̀ nínú 16 yẹn.

Nígbà tí gómìnà bá ti buwọ́ lù ú, ẹ gba ẹ̀dà òfin náà lọ́wọ́ Akọ̀wé Ilé, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wo bóyá wọ́n yọ nǹkan kúrò nígbà tó wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Ẹ wo ibi tó bá ti ní kí kọmíṣọ́nnà ṣe ìlànà, torí òfin púpọ̀ ló máa ń dúró de ìlànà yẹn kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ kọ̀wé sí kọmíṣọ́nnà náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí ìlànà yóò jáde. Ẹ túmọ̀ òfin sí Yorùbá ní ojú ìwé kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọ́fíìsì ọjà, ẹ fún àwọn tó ń sun èédú ní ẹ̀dà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹni méjì nínú yín padà lọ sí ọjà tí ẹ ti kọ́kọ́ gba ẹ̀sùn, kí wọ́n bi àwọn ènìyàn náà ní ìbéèrè kan náà, kí wọ́n kọ èsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yín.